Ogun Ti Parí, N Kò Tíì Délé

Port Harcourt,
Ọjọ́ 15, oṣù Kejì, ọdún 1970.

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Àbẹ̀kẹ́, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́, adúmáadán, ọmọ aláró Òṣogbo. Mo kí ọ, mo kí ọmọ wa, mo kí ìyá wa tí wọ́n ń bá ọ tọ́jú rẹ̀. Ẹ kú àfojúsọ́nà, ẹ kú àìsùn, ẹ kú gbogbo òru tí ẹ fi tẹ́tí sí rédíò. Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá. Inú àpò ẹja gbígbẹ ni ẹni tó mú un wá fi í sí, òórùn ẹja sì ti gbà á kan. Síbẹ̀ mo gbé e sí imú, mo ń wá òórùn aró rẹ nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ ogun tó wà lábẹ́ mi ń fi mí rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín lọ. Ẹni tí kò ní ẹni tó ń retí rẹ̀ ni kò mọ ohun tí ènìyàn ń fi imú wá nínú bébà.

Ìbéèrè kan ni o bi mí, o sì fa ilà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì: ogun ti parí, kí ló dé tí o kò tíì wálé? O ní nígbàkígbà tí fèrè ọkọ̀ ojú irin bá dún, ọmọ wa a sáré bọ́ síta, a ní, "Bàbá ti dé!" Nígbà tí mo rí i kẹ́yìn, kò tíì mọ ìjókòó. Ó wá ti ń sáré báyìí, èmi ni ó sì ń sáré pàdé, n kò sí nínú ọkọ̀. Mo ka ibẹ̀ tán, mo ká ìwé náà, mo lọ dúró síta fún ìgbà díẹ̀.

Òótọ́ ni ohun tí rédíò sọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù tó kọjá, Philip Effiong, tó ń ṣe olórí Biafra nígbà náà, bọ́ sórí rédíò wọn, ó ní kí àwọn ọmọ ogun wọn gbé ìbọn sílẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 15, ó wà níwájú Ọ̀gágun Gowon, olórí ìjọba wa, ní Dodan Barracks, ní Èkó, ó kéde níbẹ̀ pé kò sí Biafra mọ́. Gowon ní kò sí ẹni tó ṣẹ́gun, kò sí ẹni tí a ṣẹ́gun. O ní ẹ jó ní àdúgbò wa lọ́jọ́ náà, pé ìyá wa pàápàá jó. Mo jó níhìn-ín náà. Ṣùgbọ́n ìparí ogun kì í ṣe ìparí iṣẹ́ ológun. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀, àwọn ṣọ́jà orílẹ̀-èdè yìí kò ju nǹkan bí 10,000 lọ. Lónìí a ti lé ní 200,000. Ìjọba kò tíì sọ ohun tí yóò fi wá ṣe. Wọ́n ní kí oníkálukú dúró sí ibi tó wà, kí ojú ọ̀nà má bàa dàrú, kí oúnjẹ lè dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ebi ń pa. Ìdáhùn àkọ́kọ́ nìyẹn. Òmíràn ń bẹ tó wúwo jù ú lọ, n óò sọ ọ́ kí n tó fi ọwọ́ sí ìwé yìí.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí àárò rẹ ṣe ń sọ mí, torí mo mọ̀ pé ibẹ̀ ni ojú rẹ yóò kọ́kọ́ wá. Ìdájí ni ó máa ń dé, ní àkókò tí o máa ń jí lọ ṣí ìkòkò aró wò. Ojú mi a là fúnra rẹ̀, ọwọ́ mi a wá ọ lọ́tùn-ún, a sì kan ìbọn. Àbẹ̀kẹ́, kì í ṣe ìbọn ni mo san owó orí rẹ̀. Ìwọ ni mo fẹ́, ìwọ tí aró ti mu ìka rẹ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá dé oríkèé. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ nígbà tí o bá ń fi oríkì jí mi, tí o máa ń fà á gùn títí n óò fi gbàgbé pé ọkọ̀ àárọ̀ ń bọ̀. Mo fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná àti àkàrà, torí ẹran inú agolo àti bisikíìtì tó le ti sú ẹnu mi. Mo tilẹ̀ fẹ́ kí o bínú sí mi, bí o ti máa ń bínú nígbà tí mo bá gbé àtùpà ọ́fíìsì wọlé tí epo rẹ̀ kán sórí àdìrẹ oníbàárà. Ní ibùdó yìí, gbogbo ènìyàn ló ń kan sárá sí mi. Kò sí ẹni tó ń bá mi jà fún ire ara mi.

Ṣé o rántí bí a ṣe pàdé ní sitéṣọ̀n Òṣogbo, níbi tí mo ti ń ṣe akọ̀wé? Ẹrù rẹ ni mo kọ́kọ́ mọ̀ kí n tó mọ ojú rẹ. Ìdì àdìrẹ ńlá kan ni, o fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Ìddó ní Èkó. Mo gbé e sórí òṣùwọ̀n, mo dárúkọ iye tí o máa san, o sì ní òṣùwọ̀n Réluwéè ń purọ́. Àwọn ènìyàn tó wà lórí ìlà ń kùn, gáàdì ń fọn fèrè, o kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. O bọ́ sórí òṣùwọ̀n náà fúnra rẹ, o ní kí n ka tìrẹ, pé o mọ bí o ti wọ̀n tó. Mo kà á. Di òní, n kò rántí iye tí mo kà.

Ní 1896 ni òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin yẹn láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, ó sì dé Òṣogbo ní 1907. Àwọn tó gbọ́n jù mí lọ sọ pé nítorí kòkó, ẹ̀pà àti òwú ni wọ́n ṣe tẹ́ ẹ. Lójú tèmi, nítorí tìrẹ ni.

Ìwọ náà mọ ohun tó mú mi kúrò nídìí òṣùwọ̀n. Nígbà tí ìjà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 6 oṣù Keje, 1967, ọ̀nà rẹ̀ jìn sí wa. Àfi bó ṣe di ọjọ́ 9 oṣù Kẹjọ, tí àwọn ọmọ ogun Biafra gba orí afárá Onitsha kọjá odò Ọya, tí wọ́n wọ Benin lọ́jọ́ náà gan-an, tí wọ́n sì kọjú sí ilẹ̀ wa. Victor Banjo, ọmọ Yorùbá bíi tiwa, ni olórí wọn. Nígbà tí wọ́n dé Ọ̀rẹ̀, kò sí ẹni tó tún sùn ní Òṣogbo. Ẹni tó bá ti Èkó bọ̀, a ó yí i ká lórí pèpéle sitéṣọ̀n kí ó tó sọ ẹrù kalẹ̀. Ibẹ̀ ni "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀" ti di ọ̀rọ̀ ẹnu ọmọdé àti àgbà. Oyún ọmọ wa wà nínú rẹ. O ní bí gbogbo òṣìṣẹ́ Réluwéè bá di ṣọ́jà, ta ni yóò máa gbé àwọn ṣọ́jà? Mo ní ẹni tí iná ń jó lọ sílé rẹ̀ kì í jókòó máa ta tìkẹ́ẹ̀tì. O sunkún, o dì mí lẹ́rù, o sì fi ìró àdìrẹ rẹ kan sí ìsàlẹ̀ àpótí mi láìsọ fún mi. Òun ni mo fi ń bo orí sùn di òní. Ó ti gbó, àwọ̀ rẹ̀ kò ṣí.

Nítorí pé mo ka ìwé mẹ́wàá, wọn kò fi mí sí ààrin àwọn ọmọ ogun lásán. Wọ́n mú mi lọ sí NDA ní Kaduna. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ tó bá wọ ibẹ̀ lákòókò àlàáfíà ń fi ọdún kọ́, oṣù díẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ wa, nítorí pé ogun ń jẹ àwọn ọ̀gá tó wà níwájú tán. Wọ́n fi ìràwọ̀ kan sí èjìká mi. Ó ti di méjì báyìí, Lẹfutẹ́náǹtì ni wọ́n ń pè mí. Akọ̀wé tí sitéṣọ̀n màsítà máa ń pariwo mọ́ ni àwọn ènìyàn ń kan sárá sí.

Wọ́n wá fi mí ránṣẹ́ sí ìpín kẹta ọmọ ogun ìjọba, Marine Commando, lábẹ́ Kọ́nẹ́lì Benjamin Adekunle tí ẹ̀yin ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ lórí rédíò, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Àkekèé Dúdú. Àwọn ni wọ́n gba ojú omi wọ Bonny ní oṣù Keje 1967, tí wọ́n gba Calabar ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, tí wọ́n sì gba Port Harcourt yìí ní oṣù Karùn-ún 1968. Ẹ̀yìn náà ni mo dé. Ní oṣù Karùn-ún ọdún tó kọjá, wọ́n mú Adekunle kúrò, Kọ́nẹ́lì Olusegun Obasanjo sì gba ipò rẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá mi gbọ́ pé Réluwéè ni mo ti wá, ó ní, "Ìwọ mọ bí a ti ń di ẹrù." Bó ṣe di pé èmi ni mo ń ka ọta, epo, ìrẹsì àti oògùn sínú lọ́rí nìyẹn, tí mo sì ń bá wọn gba ọ̀nà Aba àti Owerri.

Nígbà tí ìjà ń lọ, àwọn kan ń ka lẹ́tà wa kí ó tó kúrò níhìn-ín. Ìdí nìyẹn tí àwọn lẹ́tà mi fi kúrú, tí o fi ń bínú pé mo ń kọ̀wé bí ẹni ń kọ téligíráàmù. Mo lè sọ díẹ̀ báyìí. Àwọn ará ibí rọ ohun ìjà kan fúnra wọn, ogbunigwe ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á rì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ẹni tó bá débẹ̀ kò ní mọ ohun tó pa á. Lọ́jọ́ kan, lọ́rí tó ṣáájú tiwa débẹ̀. Dírẹ́bà rẹ̀ jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ wa, ó fẹ́ràn láti máa fi orin kí mi láàárọ̀. Èmi ni mo kọ̀wé sí ìyàwó rẹ̀. Bí mo ti ń kọ ọ́, orúkọ rẹ ni ó ń wá sí mi lọ́wọ́, mo sì ya bébà náà dànù kí n tó tún bẹ̀rẹ̀.

Má rò pé ẹ̀rù tìrẹ kò bà mí. Nígbà tí o kọ̀wé lọ́dún tó kọjá pé ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà lórí owó orí ti gbóná, pé bàbá wa kò lè lọ sóko, pé ẹ ń gbọ́ ìró ìbọn lábúlé, ojora mú mi ju bí ó ti ń mú mi lọ́nà Aba lọ. Mo dúpẹ́ pé ìjọba ti gbà kí owó orí di pọ́n-ùn méjì, tí àwọn àgbẹ̀ sì ti padà sí ìdí kòkó wọn.

Ohun tí mo fẹ́ kí o mọ̀ jù nípa ibí yìí ni sitéṣọ̀n rẹ̀. Àtibí ni ojú irin ìhà ìlà oòrùn ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1913 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ẹ, nítorí èédú Enugu tí wọ́n fẹ́ máa kó gba ojú omi. Mo lọ wò ó ní ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ tí mo ní. Koríko ti bo ojú irin, ìpẹtà ti mú un. Mo dúró, mo ń pe àwọn sitéṣọ̀n tó kàn bí mo ti ń pè wọ́n níwájú fèrèsé tìkẹ́ẹ̀tì: Imo River, Aba, Umuahia, Uzuakoli, Agbani, Enugu. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọkọ̀ ojú irin ti Òṣogbo lọ sí Umuahia yóò gòkè dé Kaduna, yóò yà gba Kafanchan àti Makurdi, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ síbẹ̀. Mo ti ta tìkẹ́ẹ̀tì yẹn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń lọ sílé fún Kérésìmesì. N kò mọ̀ pé èmi yóò kó ọta ìbọn lọ bá wọn.

Mo ti sọ òfin iṣẹ́ wa fún ọ rí. Ojú irin wa kan ṣoṣo ni. Bí ọkọ̀ kan bá ti wọ̀ ọ́, èkejì kò gbọ́dọ̀ gbéra ní sitéṣọ̀n tó kọjú sí i títí àkọ́kọ́ yóò fi jáde. Bí ọkọ̀ méjì bá wọ̀ ọ́ papọ̀, a kì í béèrè èyí tó ní ẹ̀tọ́. Ohun tó ṣe Nàìjíríà nìyẹn. Àwọn tó ní kí ọkọ̀ méjèèjì gbéra ń bẹ láàyè, àwọn èrò inú wọn ni a ń sin.

Àwọn tó kù láàyè ló kún títì báyìí, tí wọ́n ń rìn padà sílé. Ìkòkò kan, ẹní kan, ọmọ mẹ́ta. Irun àwọn ọmọ náà ti pupa, ikùn wọn wú, ẹsẹ̀ wọn rí tín-ín-rín. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo gbé ọmọbìnrin kan gun lọ́rí. Ìyá rẹ̀ ní ọdún méjì ni, ẹgbẹ́ ọmọ tiwa. Ọwọ́ mi ti wọn ẹrù fún ìgbà pípẹ́, Àbẹ̀kẹ́, ó mọ̀ pé ìwọ̀n yẹn kì í ṣe ti ọmọ ọdún méjì. Mo fún un ní bisikíìtì, kò lè jẹ ẹ́. A fi omi rẹ ẹ́ kí ó tó gbé e mì. Láti ọjọ́ náà, bí o bá kọ̀wé pé ọmọ wa jẹun, pé ó tún béèrè, mo máa ń ka ibẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí o gbọ́ dáadáa. Ṣé o rántí ọ̀gá wa ọmọ Uzuakoli, ẹni tó kọ́ mi bí a ti ń ka òṣùwọ̀n, tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá wa lọ́jọ́ ìgbéyàwó wa? Ní ìparí 1966, lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn ọmọ Ìgbò ní Òkè Ọya, òun náà kó àwọn ọmọ rẹ̀, ó lọ. Kò sí ẹni tó lé e ní Òṣogbo, ọkàn rẹ̀ ni kò balẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ fún ọ pa mọ́. Mo ń béèrè rẹ̀ káàkiri láti ìgbà tí a ti pàdé àwọn ọmọ ogun ìpín kìn-ín-ní ní Umuahia ní ìparí ọdún tó kọjá. Láìpẹ́ yìí, ọkùnrin kan fẹsẹ̀ rìn wá sí sitéṣọ̀n Port Harcourt, ó dé fìlà gáàdì tó ti ya. Ó wá béèrè bóyá iṣẹ́ rẹ̀ ṣì wà, àti ìgbà tí ọkọ̀ yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo bá a sọ̀rọ̀ Réluwéè, ojú rẹ̀ là. Mo dárúkọ ọ̀gá wa, ó sì ní òun mọ̀ ọ́n: ó wà láàyè, ó wà ní abúlé rẹ̀. Ó ní àbíkẹ́yìn rẹ̀ kú lọ́dún tó kọjá. Òun ni ọmọ tí o máa ń pọ̀n lọ sídìí aró.

Ní ìlú tí mo wà yìí, mo ń gbọ́ tí àwọn ènìyàn ń sọ pé ilé àti ẹrù ẹni tó sá lọ ti di ti ẹni tó wà nílẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ rí bẹ́ẹ̀ nílé tiwa. Jọ̀wọ́, gbé ẹ̀rọ náà jáde, nu eruku ara rẹ̀, ta epo sí i, kí o sì gbìyànjú rẹ̀ lórí àkísà bóyá ó ṣì ń rán. Ẹ̀rọ yẹn ni oúnjẹ wọn. Mo ti fi ọ̀rọ̀ rán gáàdì náà sí ọ̀gá wa pé ẹ̀rọ náà wà lọ́dọ̀ wa. Bí ẹnikẹ́ni bá ti lò ó nígbà tí n kò sí nílé, ra abẹ́rẹ́ tuntun sí i.

Ìdáhùn mi kejì nìyí. Wọ́n ti pe àwa ọ̀gá tó wọṣẹ́ nígbà ogun, wọ́n ní ẹni tó bá wù láti dúró lè dúró. Owó rẹ̀ pọ̀ ju ti Réluwéè lọ dáadáa, ìràwọ̀ yóò sì máa pọ̀ sí i. Mo mọ̀ pé wọ́n ti ń pè ọ́ ní ìyàwó ọ̀gá ṣọ́jà lọ́jà, pé àwọn tí kò kí ọ tẹ́lẹ̀ ti ń kúnlẹ̀ kí ọ. Èmi ti kọ̀wé tèmi sí àwọn ọ̀gá, mo ní kí wọ́n yọ̀ǹda mi. Ìwé náà ń bẹ lọ́wọ́ wọn, ó lè pẹ́ kí wọ́n tó dáhùn, òun ló fà á tí o kò fi tíì rí mi. Ká ní mo gbà láti dúró, wọn ì bá ti fún mi ní ìsinmi, ǹ bá sì ti wà nílé lọ́sẹ̀ yìí. Mo yàn láti pẹ́ dé, kí n lè dé pátápátá.

Ojú irin tó dípẹtà yìí yóò nílò àwọn tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, gáàdì yẹn yóò nílò ẹni tí yóò bá a ṣiṣẹ́ láìbi í léèrè ibi tó wà nígbà ogun. Iṣẹ́ tí mo mọ̀ nìyẹn. Àjò kò dùn kí onílé má relé.

Nítorí náà, Àbẹ̀kẹ́, mo bẹ̀ ọ́, fún mi ní sùúrù díẹ̀ sí i, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó ṣọ́jà tàn ọ́ láti ní kí n dúró. Kí o bá mi sọ fún ọmọ wa pé bàbá rẹ̀ kò tíì sí nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ṣíwọ́ láti máa sáré jáde. Kọ̀wé sí mi lọ́sẹ̀ yìí, kí o sọ fún mi bí ẹ̀rọ ìránṣọ náà ti rí.

Èmi ni ọkọ rẹ, akọ̀wé Réluwéè ti Òṣogbo, tí ìjọba yá lò, tó sì ń bọ̀.